Màmá onílẹ̀kẹ̀ tó sọ fún mi pé "iyùn" tóun ń tà kì í ṣe iyùn

Ẹ fara balẹ̀ kà á o, ó gùn díẹ̀. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ni mo ti ń sọ fún ara mi pé mo gbọ́dọ̀ kọ nípa màmá kan tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀, tó tún ń ṣe ẹ̀gbà àti yẹtí idẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣọ́ọ̀bù wọn ò jìnnà sí Ìta-Àlẹ̀. Mi ò ní kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà torí mo bèèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí n má kọ ọ́, pé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ gan-an làwọn ò tíì rí ṣe tán. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí níbẹ̀ kan gbogbo àwa tá a máa ń ra ìlẹ̀kẹ̀ fún Ojúde Ọba, fún ìgbéyàwó, fún ìnáwó òkú àgbà, torí owó tá à ń ná sórí ọrùn àti etí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú yìí kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ a kì í bèèrè ju "èló ni" àti "ṣé kò ní ṣí" lọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe débẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa mú aṣọ, wọ́n ní ká wá ẹ̀gbà ọrùn aláwọ̀ wúrà tó máa bá a lọ. Mo ra sẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tà á nínú ọjà kan l'Ékòó, ọ̀kan fún èmi, kékeré fún ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ₦6,500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní orígínà ni, pé kì í ṣí, pé mo lè fi wẹ̀ gan-an. Ọjọ́ kẹta Iléyá, tí í ṣe ọjọ́ Ojúde Ọba, pé, oòrùn mú, òógùn ń ṣàn, kó tó kan ẹgbẹ́ wa láti lọ kí ọba, etí ti ń yún mi. Nígbà tó fi máa di alẹ́, omi ti ń jáde lójú ihò etí mi méjèèjì, ọrùn ọmọ mi sì ti pọ́n yíká gbogbo ibi tí ṣéènì yẹn fara kàn, bíi pé wọ́n fi okùn gbígbóná fà á. Ọmọ yẹn sunkún mọ́jú. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi so ó mọ́ ọn lọ́rùn, ìyẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ wá wò ló pe orúkọ nǹkan náà fún mi: níkẹ́lì. Ó ní wọ́n máa ń pò ó mọ́ irin, tàbí kí wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ àwọ̀ wúrà yẹn kó lè dán, tí òógùn bá ti kàn án á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ wọ awọ ara, ẹni tí ara ẹ̀ bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á máa kọ̀ ọ́ lọ ni títí ayé. Títí ayé, fún ọmọ ọdún mẹ́fà! Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi. "Àǹtí, mi ò mọ nǹkan tí wọ́n fi ṣe é o, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kó o wá bá wa." Bóyá lóòótọ́ ni ò mọ̀. Àmọ́ kí ló wá dé tó fi fẹnu ara ẹ̀ jẹ́rìí orígínà sí nǹkan tí ò mọ̀ nígbà tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi?

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ẹ̀, mo fi ọ̀pọ̀ alẹ́ kà á. Àwọn ará Yúróòpù ti ṣòfin lórí níkẹ́lì nínú nǹkan ẹ̀ṣọ́ láti 1994. Lónìí, nínú 100 gíráàmù ẹ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ wọn, òjé (lead, irin olóró) ò gbọ́dọ̀ ju 0.05 gíráàmù lọ, cadmium, tóun náà jẹ́ irin olóró, ò sì gbọ́dọ̀ ju 0.01. Ní 2006, ọmọ ọdún mẹ́rin kan ní Minnesota l'Amẹ́ríkà gbé nǹkan kékeré tó ń rọ̀ lára ẹ̀gbà ọwọ́ mì, ẹ̀gbà yẹn ò tiẹ̀ jẹ́ títà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi kún bàtà, ọmọ náà sì kú. Nígbà tí wọ́n yẹ nǹkan yẹn wò, 99.1 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ló jẹ́ òjé. Òjé ni wọ́n kùn lójú tó ń dán bíi fàdákà. Bí mo ṣe ka ìyẹn tán ni mo dìde, mo kó gbogbo yẹtí àti ẹ̀gbà wẹ́wẹ́ tó wà nínú àpótí ọmọ mi, mo so ó sínú náílọ̀n. Ó ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù títí di báyìí torí mi ò mọ ibi tí màá dà á sí tí ò ní bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíì.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tá a jọ ń lọ sí àsàlátù ló júwe màmá yìí fún mi. Ọjọ́ Sátidé ni mo débẹ̀. Yàrá kan péré ni, tábìlì gígùn kan, abọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lóríṣiríṣi, okùn táwọn apẹja ń so ìwọ̀ mọ́, ẹ̀mú wẹ́wẹ́, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin jókòó wọ́n ń sín in. Mo nawọ́ sí ọ̀wọ́ pupa kan tó wà lára ògiri, mo ní, "Mà, èló ni iyùn yìí?" Màmá ò tiẹ̀ gbójú sókè kúrò lórí èyí tí wọ́n ń sín lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ìyẹn kì í ṣe iyùn o, ọmọ mi. Rọ́bà ni. Rọ́bà tó dáa ni, kì í tètè ṣí, ṣùgbọ́n rọ́bà ni. ₦15,000. Tó bá jẹ́ iyùn ló wà lọ́kàn ẹ, owó ẹ̀ ò jọ èyí rárá."

Gbogbo ọdún tí mo ti ń ra ìlẹ̀kẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Èmi fúnra mi ni mo pè é ní iyùn, wọ́n ì bá ti dákẹ́ kí wọ́n gbowó mi.

Ọ̀rọ̀ iyùn yẹn ló mú ká jókòó sọ̀rọ̀ pẹ́. Iyùn gidi, nǹkan ẹlẹ́mìí ló ń kọ́ ọ nísàlẹ̀ òkun, kì í ṣe òkúta bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò. Èyí tó pupa dáadáa, òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá jù, ìlú kan sì wà ní Ítálì, Torre del Greco, tí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ látọjọ́ tó ti pẹ́. Bó ṣe ń dàgbà ló lọ́ra: lọ́dún kan gbáko kì í fi mìlímítà kan sanra, tó fi jẹ́ pé èyí tó bá nípọn tó àtàǹpàkò èèyàn, ó lè ti lo ọjọ́ orí àgbàlagbà kan nísàlẹ̀ omi kí wọ́n tó já a. Ní 2010, níbi ìpàdé àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Doha lórí òwò ẹranko àti ewéko tó ń tán lọ, àwọn orílẹ̀-èdè kan fẹ́ kí wọ́n máa fi ìwé àṣẹ ṣọ́ òwò iyùn pupa, ìbò ò gbè wọ́n. Ohun tí màmá wá máa ń sọ fún ẹni tó bá ní dandan iyùn gidi lòun fẹ́ ni pé, "Lọ wo àpótí ìyá ẹ ná."

Iṣẹ́ tí mo gbà pé wọ́n mọ̀ jù nìyẹn o, títún ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ sín. Mo kó ti ìyá ìyá mi lọ, okùn ẹ̀ ti jẹrà, àwọn kan ti dọ̀tí di dúdú. Wọ́n tú u sórí aṣọ funfun níwájú mi, wọ́n ní kí èmi fúnra mi kà á, 214, wọ́n kọ ọ́ sínú nọ́ọ̀tù, mo fọwọ́ sí i. Mẹ́ta ti sán, wọ́n fi hàn mí, wọ́n fi í sínú ìwé kékeré lọ́tọ̀ kí n mú un lọ sílé. Nígbà tí mo padà lọ gbà á, 211 ló wà lára okùn tuntun. Ẹ mọ̀ pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ibi títún ìlẹ̀kẹ̀ sín ni wọ́n ti máa yọ ojúlówó kúrò tí wọ́n á fi rọ́bà dí i. ₦7,000 ni wọ́n gbà. Wọ́n tún kì mí nílọ̀ pé kí n má fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ iyùn láé, pé bí omi ọsàn bá kán sí i á hó yèè, á sì jẹ ojú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kí n má fín lọ́fínńdà sí i, omi lásán àti aṣọ rírọ̀ ti tó.

Ó wá kan ti idẹ, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le díẹ̀. Idẹ tí wọ́n fi ń ṣe yẹtí àti ẹ̀gbà ọwọ́, àlòkù ni: ẹnu ẹ̀rọ omi àtijọ́, àgádágodo tó ti kọṣẹ́, ọwọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ló ń kó o lọ fún alágbẹ̀dẹ kan lọ́nà Ṣàgámù, ìyẹn á yọ́ ọ, á dà á sínú àpótí amọ̀, màmá á wá lọ̀ ọ́ kó dán. Ó wù mí gan-an nígbà tí mo gbọ́. Idẹ yíyọ́ kì í ṣe ohun àjèjì sí wa, ṣebí ọ̀dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú ni ọ̀pọ̀ edan, ère idẹ ẹgbẹ́ Òṣùgbó, tó wà ní mùsíọ́mù òkè òkun ti kúrò. Ẹni tó bá yọ́ àgádágodo àtijọ́ kò gbẹ́ ihò tuntun sílẹ̀, kò da omi olóró sódò. Wọn ò sì fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo nǹkan kan, tó jẹ́ pé iṣẹ́ yẹn gan-an ló máa ń lo cyanide, májèlé burúkú, ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n mo ti kàwé ná, mo sì mọ̀ pé wọ́n máa ń fi òjé díẹ̀ sínú idẹ ẹnu ẹ̀rọ àti ti àgádágodo kó lè rọrùn láti gbẹ́. Àwa ará Rẹ́mọ ò gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ òjé mọ́, ẹ rántí Ògijo. Àwọn tó ń yọ́ bátìrì mọ́tò àlòkù níbẹ̀, àtúnlò náà ni wọ́n ń pe tiwọn, àtúnlò tó ń lọ sí òkè òkun fún bátìrì tuntun, nígbà tí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará àdúgbò wò, òjé ló wà nínú ẹ̀, títí kan tàwọn ọmọdé. Ìròyìn ẹ̀ jáde ní 2025, gbogbo wa la kà á. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún mi pé nǹkan òun jẹ́ àtúnlò, ojú ẹsẹ̀ ni mo máa ń bèèrè pé ta ló yọ́ ọ, níbo ni èéfín ẹ̀ gbà lọ.

Mo bi màmá. Wọ́n ní, "Òótọ́ lo sọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń ṣe ti ọmọdé nínú ẹ̀. Èmi ò ní ẹ̀rọ tí màá fi mọ iye òjé tó wà níbẹ̀, mi ò lè purọ́ fún ẹ pé kò sí. Àgbàlagbà ló máa wọ̀ ọ́, kó má ti i bọ ẹnu, kó fọwọ́ kó tó jẹun." Ìkọ́ yẹtí tó ń wọnú ihò etí, fàdákà 925 ni wọ́n ń lò, ìyẹn ni pé 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ jẹ́ fàdákà, wọ́n sì ń fi rìsíìtì ibi tí wọ́n ti rà á hàn. Etí mi ò tíì yún mi látìgbà yẹn. Bí mo ṣe bi wọ́n nípa ṣéènì idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbà ọrùn, wọ́n ní Èkó làwọn ti ń rà á, àwọn ò mọ ẹni tó ṣe é, àwọn ò mọ nǹkan tó wà nínú ẹ̀, pé tí ara mi bá máa ń kọ nǹkan kí n kúkú jẹ́ káwọn fi òwú sín tèmi. Ẹ wò ó, "mi ò mọ̀" náà lẹni àkọ́kọ́ yẹn sọ fún mi, àmọ́ lẹ́yìn tí owó ti wọ àpò ẹ̀ ni. Màmá sọ tiwọn nígbà tí owó mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sì lè fi ẹsẹ̀ mi jáde.

Mo lọ wo alágbẹ̀dẹ yẹn fúnra mi, màmá ló júwe ọ̀nà, wọn ò fi pamọ́. Ibẹ̀ ni mo ti yọ ìràwọ̀ kan kúrò nínú márùn-ún tí mo fẹ́ fún wọn. Abẹ́ àtíbàbà ni baba yẹn ti ń ṣiṣẹ́, atẹ́gùn ń fẹ́ síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì tó dúró ti ìkòkò idẹ ò bo imú, wọn ò wọ bàtà tó dáa. Síńkì tó wà nínú idẹ máa ń di èéfín funfun tí iná bá ti mú jù, ẹni tó bá fà á símú, ibà lè gbé e dè lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo bi ọ̀kan nínú wọn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn máa ń ṣòjòjò, mílíìkì làwọn máa ń mu. Mílíìkì ò ṣe nǹkan kan sí i o. Mo padà lọ sọ fún màmá, wọ́n ní àwọn ti bá baba sọ ọ́ títí, àwọn tiẹ̀ ra nǹkan ìbomú fún wọn rí, wọn ò lò ó. Mo gbà pé wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ra idẹ lọ́wọ́ ẹ̀, ìgbà tó sì jẹ́ pé lára iṣẹ́ wọn lowó baba ti ń wọlé, ẹnu wọn ló yẹ kó ràn án jù.

Ti àwọn ọmọ iṣẹ́ tiwọn fúnra wọn nínú ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ pátápátá. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ iṣẹ́ onílẹ̀kẹ̀ kì í sùn, wọn kì í sì í fún wọn ní kọ́bọ̀ torí "ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́." Mo dúró títí màmá fi lọ kírun kí n tó bi ọmọbìnrin kan. Ó ní wọ́n ń san owó fún àwọn lórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan tí kọ́sítọ́mà bá rà, látìgbà tí àwọn bá ti lo oṣù mẹ́ta, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ làwọn ń ṣíwọ́, ìbáà jẹ́ àsìkò Iléyá. Ọmọ ọmọ màmá máa ń wá síbẹ̀ lẹ́yìn iléèwé, ìwé ẹ̀ ló ń kọ, wọn kì í fún un ní ìlẹ̀kẹ̀ sín.

Èyí ló fà á tí iṣẹ́ wọn fi máa ń pẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó lọ. Sẹ́ẹ̀tì tí mo ní kí wọ́n ṣe fún mi fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá àdéhùn. Ó ká mi lára, torí mi ò ní mọ̀ ká ní mi ò pè, wọn kì í tètè fèsì lórí WhatsApp, ó yẹ kí wọ́n máa sọ fún èèyàn ṣáájú. Ohun kejì ni pé ìdè ẹ̀yìn ọrùn tú nígbà tí mo ń jó níbi ìgbéyàwó kan ní Ìpẹru, ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n tó wà lẹ́yìn mi. Wọ́n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì sọ gbogbo ìdè irú ẹ̀ tó kù nílẹ̀ nù, mi ò tún gbọ́ pé tẹnì kan tú. Idẹ ọwọ́ mi náà máa ń fi àwọ̀ ewé sára mi tí mo bá làágùn, bàbà inú ẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í dun èèyàn, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ló ń ṣí i kúrò lára idẹ (idẹ nìkan o, kì í ṣe iyùn).

Owó ńkọ́? Sẹ́ẹ̀tì mi, ẹ̀gbà ọrùn, yẹtí àti tọwọ́, ₦38,000. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kúkú fi kún un kí n ra wúrà gidi díẹ̀díẹ̀, pé wúrà ò lábàwọ́n. Mo ní kó lọ bi àwọn ará Zamfara. Ní 2010, ilẹ̀ tí wọ́n ń wa wúrà nínú ẹ̀ ní òjé, inú agboolé ni wọ́n ti ń lọ òkúta ẹ̀, ọmọdé tó ju 400 lọ ló kú. Wúrà yẹn ti wà lọ́rùn ẹnì kan níbì kan báyìí, ó ń dán.

Ohun tí mo máa sọ pé kẹ́ ẹ rà níbẹ̀ jù ni èyí tó wá láti ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì láti Bídà, níbi tí àwọn Nupe ti ń yọ́ ìgò àfọ́ di ìlẹ̀kẹ̀, ó tutù lára, ó wúwo, kò sí méjì tó jọra. Wọ́n sì ní lágídígba, tí wọ́n fi èèpo ẹkùrọ́ gbẹ́, dúdú minimini. Nǹkan tá à ń sun níná tàbí tá à ń dà sẹ́yìn ilé, wọ́n gbẹ́ ẹ roboto, wọ́n lu ú, wọ́n fi epo dán an. Tó bá já, tó sì jẹrà sínú ilẹ̀, kò ba nǹkan kan jẹ́. Àwọn ìyá wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì, ẹ jẹ́ ká máa fi owó wa ra tiwa nígbà tí tiwa bá dára.

Ẹni tí ò bá lè dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ṣì máa bèèrè. Àwọn kan ń sọ pé kéèyàn mú mágínẹ́ẹ̀tì lọ sọ́jà, ó wúlò, tó bá fa "wúrà" yín mọ́ra a jẹ́ pé irin tàbí níkẹ́lì ló wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa òjé, ẹ má rò pé èyí tí ò fà ti mọ́ nìyẹn. Òjé máa ń wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, ó rọ̀, tẹ́ ẹ bá fi ibi tó bó lára ẹ̀ fa ìlà sórí ìwé funfun ó máa ń fi àmì eérú sílẹ̀. Tí ti ọmọdé bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Mo ti san àsansílẹ̀ lágídígba fún ọmọ mi, òwú lásán ni wọ́n máa fi sín in, kò ní sí irin kankan lára ẹ̀. Ọrùn ẹ̀ ti jinná, ó kù díẹ̀ dúdú lẹ́yìn níbi ìdè. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń lọ gbà á, mo sì ti ra ìbomú méjì àti bàtà méjì tí mo máa fà lé màmá lọ́wọ́ fún àwọn ọmọ Ṣàgámù yẹn, kí wọ́n bá mi sọ fún baba pé kọ́sítọ́mà ló ní kí wọ́n lò ó.